Ṣé Òjò Rọ̀ Lọ́dọ̀ Yín?

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí oòrùn bá ti rẹlẹ̀, bàbá mi á ki fóònù bọ àpò, wọ́n á gun àpáta kan tó wà lẹ́yìn abà wa. Orí àpáta yẹn nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dúró. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pè mí ní Port Harcourt. Màá kúnlẹ̀ níbi tí mo bá wà, ìbáà ṣe ilé ìdáná, ìbáà ṣe ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni pé wọ́n ń wò mí, màá sì kí wọn. Oríkì mi ni wọ́n máa fi ń dá mi lóhùn: "Àjíkẹ́." Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n tó béèrè ọkọ mi, kí wọ́n tó béèrè àwọn ọmọ, kí wọ́n tó béèrè iṣẹ́, ìbéèrè kan wà tó máa ń ṣíwájú.

"Ṣé òjò rọ̀ lọ́dọ̀ yín?"

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi bi mí bẹ́ẹ̀, láti 2006 tí wọ́n ra fóònù àkọ́kọ́ wọn títí di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ayé sílẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún náà ni mo fi dáhùn láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìlú òjò ni Port Harcourt. Òjò tó ń rọ̀ síbẹ̀ lọ́dún kan ju mílímítà 2,000 lọ, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí oṣù tí kì í bẹ̀ ẹ́ wò, àní oṣù Kejìlá tí ọyẹ́ ti máa ń lani lẹ́nu nílé. Nítorí náà ìdáhùn mi kì í sábà yí padà: "Ó rọ̀, Bàbá. Ó rọ̀ gan-an ni." Wọ́n á ní, "Ó dáa." Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó kù á tó bẹ̀rẹ̀.

Mo ti kà á sí ìkíni lásán. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe wá mọ ohun tó jẹ́.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi, ní Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí àwọn àpáta ńláńlá ti yọrí láàárín igbó bí ẹ̀yìn erin. Nǹkan bí ọdún 1949 ni wọ́n bí wọn. Ẹnikẹ́ni ò kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n a fi ilé ìwé ṣírò rẹ̀, nítorí wọ́n wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù Kìíní 1955. Wọ́n ní kí olúkúlùkù ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kó fi kan etí òsì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan etí ti tó ọmọ ilé ìwé. Bàbá mi máa ń ṣe é hàn wá, wọ́n á tẹ orí wọn díẹ̀, wọ́n á ní àwọn tẹ ọrùn lọ́jọ́ náà kí ọwọ́ lè débẹ̀.

Ní ìparí 1960, ọdún òmìnira, wọ́n parí ìwé mẹ́fà. Kò sówó fún èyí tó kàn. Bàbá wọn fa àdá lé wọn lọ́wọ́, wọ́n sì wọ oko. Mi ò gbọ́ kí wọ́n ráhùn sí i rí. Wọ́n máa ń sọ pé owó kòkó wà nínú ohun tí ìjọba fi kọ́ àwọn, nítorí náà kò burú bí àwọn bá padà lọ tọ́jú kòkó. "Kòkó ló kọ́ mi ní A, B, D," ni wọ́n máa ń wí. "Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè." Àdá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ṣùgbọ́n bírò ò kúrò lápò. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lóko ni wọ́n ń kọ sínú ìwé kékeré kan: iye àpò, iye lébìrà, ọjọ́ tí wọ́n fín oògùn. Àti òjò.

Ẹni tó bá ti sá kòkó rí nìkan ló lè mọ ohun tí òjò jẹ́ fún àgbẹ̀ kòkó. Igi kòkó ò lè so láìsí òjò. Bí òjò bá sì pọ̀ jù, èso rẹ̀ á dúdú lórí igi, á jẹrà kí ọwọ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí a bá ti ká a, tí a fọ́ ọ, a ó kó ẹyọ rẹ̀ tútù sínú apẹ̀rẹ̀, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, kó gbóná, kí ara funfun tó dùn bí oyin yẹn yọ́ kúrò lára rẹ̀. Sísá ló kàn. Oòrùn bí ọ̀sẹ̀ kan ló fẹ́, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òjò bá pa á láàárín ìgbà náà, funfun á hù lára rẹ̀, iṣẹ́ odindi ọdún á sì di ohun tí ẹni tó ń ra kòkó ń fi imú sí tó ń yọwọ́.

Àwa ọmọdé ni ẹ̀ṣọ́ kòkó. A ó máa fi ẹsẹ̀ lásán rìn láàárín rẹ̀ lórí pèpéle sìmẹ́ǹtì, a ó máa yí i, apá tó wà nísàlẹ̀ á bọ́ sókè. Bàbá mi á wà nínú oko lọ́nà jíjìn, a ò ní rí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbóòórùn òjò kí ìkùukùu tó yọ lójú wa. A ó kàn gbọ́ ohùn wọn láti inú igbó: "Ẹ kó kòkó o!" Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe, á jù ú sílẹ̀. Ìyá mi á fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná. Aládùúgbò tí a bá ń jà lánàá á sáré dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan ni Bàbá ń ké sí, gbogbo abà ni. Bí kòkó ẹlòmíràn ló bá sì wà níta, bákan náà là á sáré.

Tí oòrùn bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n á fún un mọ́wọ́, wọ́n á gbé e sétí. Bó bá dún kẹrẹkẹrẹ, ó ti gbẹ. Mo rántí ojú wọn nígbà tí wọ́n bá ń tẹ́tí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á di ojú. Bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sí èmi náà nìyẹn, nígbà tí mo bá ń sọ ohun tó ń dùn mí.

Títí di 1986, bọ́ọ̀dù ìjọba ló ń dá iye tí wọ́n máa ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú bọ́ọ̀dù náà ká lọ́dún yẹn, owó kòkó fò sókè lójijì. Àwọn kan ra mọ́tò, àwọn kan kọ́ ilé, àwọn kan fẹ́ ìyàwó sí i. Bàbá mi ra ilẹ̀ kan létí odò, wọ́n gbin kòkó tuntun síbẹ̀ ní 1987, wọ́n sì sọ oko náà ní Oko Ìwé. Ohun tó bá tinú ibẹ̀ jáde, owó ilé ẹ̀kọ́ wa ni. Wọn ò jẹ́ fi ra nǹkan mìíràn láéláé. Àpò kòkó kan jẹ́ nǹkan bí kílò 64, bíi mẹ́rìndínlógún rẹ̀ ló ń di tọ́ọ̀nù kan. Mo lè fi àpò ka gbogbo ìwé tí mo kà. Ọdún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì, wọ́n kọ ọ́ báyìí: "Àjíkẹ́: àpò méje." Mo ti rí ìlà náà rí nígbà yẹn, mo sì ti rẹ́rìn-ín sí i. Mo rò pé ìṣirò lásán ni.

Ní 2003, ìjọba fi mí ránṣẹ́ sí Ìpínlẹ̀ Rivers láti lọ sin ilẹ̀ baba mi fún ọdún kan. Ẹ̀rù ń ba àwọn ará ilé. Wọ́n ní ibẹ̀ jìnnà, a ò mọ ẹnì kan níbẹ̀. Bàbá mi nìkan ni kò bẹ̀rù. Wọ́n fi ìka ya ìlà sórí ilẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ní ìwé mẹ́rin, wọ́n ní, "Odò Ọya rèé, ó ti Guinea wá. Bẹ́núè rèé, ó pàdé rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja. Ìsàlẹ̀ ibí yìí, tó ti fọ́nká kó tó wọ òkun, ibẹ̀ ni wọ́n ní kó o lọ. Ìsàlẹ̀ odò ni. Omi ò ní wọ́n ọ."

Ọdún kan náà ti di ogún ọdún ó lé. Mo di olùkọ́ níbẹ̀. Mo fẹ́ ọmọ Kalabari, ará Buguma, a sì bí ọmọ méjì, obìnrin kan, ọkùnrin kan. Ní Port Harcourt, ẹnikẹ́ni kì í pè mí ní Àjíkẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè mí ní "Ma", àwọn aládùúgbò ń fi orúkọ ọmọ mi pè mí, ọkọ mi sì ní orúkọ tirẹ̀ tó ń pè mí. Ìyá mi ti kú ní 2009. Láti ìgbà náà, ẹnu kan ṣoṣo ni oríkì mi kù sí láyé, orí àpáta ló sì ti ń dún, ní ọjọ́ Àìkú.

Àwọn ọmọ mi kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ẹ̀bi mi ni, mi ò ní fi pamọ́. Gẹ̀ẹ́sì àti pìjìn ni ẹnu wọn mọ̀ jù, pẹ̀lú Kalabari díẹ̀ tí ìyá bàbá wọn ń kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n Bàbá Oko, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá mi, kì í bá wọn sọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo bá ti sọ tèmi tán, wọ́n á ní kí n fún "ìyá mi" ní fóònù, ọmọbìnrin mi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n á sì tún ìbéèrè náà bi látìbẹ̀rẹ̀: "Ṣé òjò rọ̀ lọ́dọ̀ yín?" Ó kọ́kọ́ ń dáhùn pé "Yes, Grandpa." Wọ́n á dákẹ́. Wọ́n á dúró. Títí ó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "Ó rọ̀." Nígbà tó yá, ó di "Ó rọ̀ láàárọ̀." Nígbà tó tún yá, ó di "Ó rọ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ti yọ nísinsìnyí, Bàbá." Òjò ni wọ́n fi kọ́ ọmọ mi ní èdè rẹ̀, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, láì fìyà jẹ ẹ́, láì dá èmi ìyá rẹ̀ lẹ́bi.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n wá kí wa, ní 2018. Wọ́n gbé iṣu wá, wọ́n gbé epo wá, wọ́n sì gbé èso kòkó mẹ́ta wá fún àwọn ọmọ. Ọmọkùnrin mi lá ara funfun rẹ̀, ó wo bébà ṣokoléètì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo kòkó, ó ní irọ́ ni. Mo mú wọn lọ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun pẹ̀lú ẹja àti ata, èyí tí gbogbo ìlú ń pè ní bole. Nígbà tí wọ́n gbọ́ orúkọ náà, inú wọn dùn bí ẹni tó pàdé ará ilé lójú ọ̀nà. "Bọ̀ọ̀lì! Ó ti ṣáájú wa débí."

Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá wọn nídìí fèrèsé. Wọ́n ti fi ìka nu ojú rẹ̀, ìka náà sì dúdú. Wọ́n béèrè pé, "Ṣé ẹ ń sun oko nítòsí ni?" Mo ṣàlàyé fún wọn pé láti ìparí 2016 ni èédú bẹ́ẹ̀ ti ń bọ́ sílẹ̀ láti ojú ọ̀run sórí ìlú, pé àwọn ènìyàn sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń se epo rọ̀bì nínú igbó ló ti ń wá, àti láti ara epo tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n ń dáná sun. Mo ní a ti ń nu ún láràárọ̀, ó ti mọ́ wa lára. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n lọ síbi tí àwọn ọmọ sùn sí, wọ́n dúró, wọ́n ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Ojú wọn wà ní dídì, bí ìgbà tí wọ́n gbé kòkó sétí.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé pípadà wọn, wọ́n gun àpáta, wọ́n pè. "Àjíkẹ́. Ṣé òjò rọ̀ lọ́dọ̀ yín?" Mo ní ó rọ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Yóò fọ ojú ọ̀run fún wọn." Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i pé ìbéèrè náà ní inú.

Ní oṣù Kẹwàá 2022, omi bo Ìpínlẹ̀ Rivers àti Bayelsa. Àwọn tó bá rántí ọdún náà á mọ̀ pé kì í ṣe òjò Port Harcourt ló fà á. Òjò ti pọ̀ jù lókè, láti ọ̀nà Àríwá wá. Wọ́n tún ti ṣí omi ìdídò Lagdo ní Cameroon sílẹ̀. Bẹ́núè kún, Odò Ọya kún, gbogbo rẹ̀ sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa nísàlẹ̀. Jákèjádò Nàìjíríà, àwọn tó kú ju 600 lọ, àwọn tó sá kúrò nílé ju mílíọ̀nù kan lọ. Ní ìhà Ahoada, títì ńlá tó ti Port Harcourt lọ sí Warri wọ inú omi, àwọn ènìyàn ń fi ọkọ̀ ojú omi tu níbi tí tírélà ti ń kọjá.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà jẹ́ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n pè. Ohùn wọn rẹ̀, mo sì béèrè ìdí, wọ́n ní kòkó ọdún yìí pọ̀, àwọn ti ń fọ́ kòkó láti ọjọ́ Ẹtì. "Ṣé òjò rọ̀ lọ́dọ̀ yín?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Kò rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n omi ti gba ọ̀nà wa."

"Omi wo, nígbà tí òjò ò rọ̀?"

Mo ṣàlàyé. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Wọ́n wá ní, "Mo ti gbọ́. Àwọn tó wà lókè lòjò rọ̀ sí. Ẹ̀yin lẹ rí omi." Wọ́n ní kí n kí ọkọ mi. Wọ́n ní kí n fún ìyá àwọn ní fóònù. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn.

Ní ọjọ́rú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè ní ìdájí. Wọ́n ní Bàbá sùn, wọn ò jí. Wọ́n ti jẹun alẹ́, wọ́n ti bo kòkó tuntun mọ́lẹ̀, wọ́n ti fọ ẹsẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni wọ́n.

Kí n tó kúrò nílé, ìyá ọkọ mi wá. Àwọn Kalabari mọ bí a ṣe ń fi aṣọ bọlá fún òkú. Wọ́n a máa fi aṣọ àjogúnbá ṣe yàrá àti bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bá tẹ́ àgbà sí lọ́ṣọ̀ọ́. Ìyá ọkọ mi gbé aṣọ kan lé mi lọ́wọ́, pelete bite ni wọ́n ń pè é. Aṣọ híhun láti òkèèrè ni, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Kalabari ti fi abẹ gé òwú rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti fà á yọ, títí iṣẹ́ ọnà mìíràn fi jáde lójú rẹ̀. Ìyá ọkọ mi tẹ́ ẹ síwájú fèrèsé kí n rí i. Ìmọ́lẹ̀ gba inú àwọn ihò kéékèèké náà kọjá. Wọ́n fi ìka tọ́ka síbẹ̀, wọ́n ní, "Ibi tí a ti yọ òwú kúrò, ibẹ̀ ni ojú ń wò. Wọ ọ́ lọ sin bàbá rẹ." Mo ró o mọ́ra, mi ò sì bọ́ ọ títí tí a fi sin wọ́n tán.

Ọ̀nà Warri ò ṣeé gbà. Owerri ni ọkọ̀ wa gbà, ó gba Onitsha, kó lè bọ́ sí Asaba kó tó kọrí sí Benin. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ dá wa dúró lórí afárá Onitsha. Mo wo ìsàlẹ̀. Odò Ọya ni, ó fẹ̀, ó pọ́n bí ilẹ̀ oko, ó ń gbé igi wúwo lọ láìkùn. Oòrùn ràn gan-an lọ́jọ́ náà. Kò sí ìkùukùu kan lójú ọ̀run. Mo ń wo omi tí òjò rẹ̀ ti rọ̀ sí orílẹ̀-èdè tí mi ò dé rí, sórí ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tí mi ò mọ̀, omi tó ti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kó tó dé ibi tí mò ń gbé, tí a wá ń pè é ní omi Rivers.

Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbé mi. Èmi náà, ìsàlẹ̀ odò ni mò ń gbé. Owó oṣù mi, ìwé ẹ̀rí mi, ilé tí a kọ́, èdè tó wà lẹ́nu ọmọ mi, mo ti ń pe gbogbo rẹ̀ ní tèmi. Lókè lọ́hùn-ún ni òjò wọn ti rọ̀, sí orí ọkùnrin kan tó ń wo ojú ọ̀run, tó ń sáré kó kòkó mọ́lẹ̀. Òun lòjò rọ̀ sí. Èmi ni mo rí omi. Wọ́n sì ti sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú, lẹ́nu ara wọn, mi ò gbọ́ ọ.

A gba Benin, a gba Ifọ̀n, a gba Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́, ilẹ̀ ti ṣú kí àwọn àpáta Ìdànrè tó yọ.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì la sin wọ́n, ní iwájú ilé. Ọkọ mi ti kó àwọn ọmọ dé. Kòkó tí Bàbá bò mọ́lẹ̀ ní alẹ́ ìkẹyìn wọn ti tó sá, ẹ̀gbọ́n mi sì ti sá a sórí pèpéle. Àwọn kan ní kò yẹ kí kòkó wà níta lọ́jọ́ ìsìnkú. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò yẹ kó jẹrà. Báyìí ni òkú ṣe wà ní apá kan ilé, tí kòkó rẹ̀ wà ní apá kejì, oòrùn kan náà sì ń ràn sórí àwọn méjèèjì.

Pásítọ̀ ń gbàdúrà lọ́wọ́ nígbà tí ọmọbìnrin mi fà mí láṣọ. Ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ó gbójú sókè, imú rẹ̀ ń gbọ́ nǹkan. Ó ní, "Màmá, òjò fẹ́ rọ̀." Èdè Yorùbá ló fi sọ ọ́. Ojú ọ̀run ṣì mọ́. Kí n tó dá a lóhùn, atẹ́gùn tútù kan fẹ́ láti ọ̀nà oko, ọmọ mi sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ ké láàárín àwọn èrò tó dúró sí etí ibojì: "Ẹ kó kòkó o!"

Kò sẹ́ni tó bá a wí. Gbogbo wa la sáré. Pásítọ̀ ti Bíbélì bọ abẹ́ apá, ó gbé apẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ tú gèlè, wọ́n fi ń kó o. Ọkọ mi, ọmọ etí òkun tí kò fọwọ́ kan kòkó rí, ń fi àwo jíjẹun gbá a jọ. Mo fi pelete bite di ìdí mi le, mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì wọ́ ọ. Ẹ̀kúnwọ́ ìkẹyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ abẹ́ òrùlé nígbà tí òjò dé. Ó rọ̀ sórí ibojì. Ó rọ̀ sórí àpáta. A dúró sábẹ́ páànù, gbogbo wa ń mí hẹlẹ, àwọn kan ń sunkún, àwọn kan sì ti ń rẹ́rìn-ín. Mi ò rí ìsìnkú tó yẹ bàbá mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lálẹ́, ẹ̀gbọ́n mi gbé ìwé kékeré náà wá. Kì í ṣe ẹyọ kan, wọ́n pé mọ́kànlá, wọ́n fi okùn dì wọ́n. Mo ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìlà mẹ́ta. Ìlà kìíní ni ọjọ́. Ìlà kejì ni "Oko": òjò rọ̀, òjò kò rọ̀, òjò díẹ̀. Ìlà kẹta, tó bẹ̀rẹ̀ láti 2006, ni "P.H."

Gbogbo ọjọ́ Àìkú, ọdún mẹ́rìndínlógún. Gbogbo ohun tí mo dáhùn láì ronú ni wọ́n lọ kọ sílẹ̀ bí wọ́n bá ti sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta. Ní oṣù tí mo bí ọmọkùnrin mi: "P.H. òjò rọ̀. Ọkùnrin." Ní ọ̀sẹ̀ kan tí mo rò pé mo fi àìsàn mi pamọ́ fún wọn: "P.H. òjò rọ̀. Ohùn Àjíkẹ́ kò dáa." Wọ́n ti ka Port Harcourt mọ́ oko wọn. Ilẹ̀ kan ni wọ́n ka gbogbo rẹ̀ sí, èyí tó wà létí odò wọn àti èyí tó wà níbi tí odò parí sí, wọ́n sì ń tọ́jú méjèèjì. Ìlà tó kẹ́yìn ni ti ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹwàá: "Oko: òjò díẹ̀. P.H.: òjò kò rọ̀. Omi wá."

Ọdún 2022 tí wọ́n kú, tọ́ọ̀nù kòkó kan ò ju nǹkan bíi dọ́là 2,500 lọ lọ́jà àgbáyé. Lẹ́yìn ìyẹn, ìkórè kùnà ní Côte d'Ivoire àti Ghana, nítorí ojú ọjọ́ àti àrùn igi, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ní oṣù Kẹta 2024, ó kọjá 10,000. Ní oṣù Kejìlá, ó kọjá 12,000. Àwọn ènìyàn ń sọ fún mi pé ó mà ṣe o, pé Bàbá ò dúró jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn ò mọ bàbá mi. Bí wọ́n bá wà láyé, Oko Ìwé ò ní di nǹkan mìíràn. Lọ́dún yẹn, ọmọbìnrin mi wọ yunifásítì. Mi ò tíì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi owó ránṣẹ́, pẹ̀lú àwòrán ojú ìwé kan lórí fóònù. Wọ́n ti kọ ọ́ sábẹ́ ibi tí Bàbá kọ tèmi sí: "Ọmọ Àjíkẹ́: àpò méjì."

Ìwé náà ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Mi ò ní kí wọ́n kó o fún mi. Òkè tí òjò ti ń rọ̀ ló yẹ kó wà. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà ní Port Harcourt, bóyá la fi pe ara wa lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún. Ṣùgbọ́n ìlà kẹta wà nínú ìwé, wọn ò sì fẹ́ kó ṣófo. Nítorí náà, bí oòrùn ọjọ́ Àìkú bá ti rẹlẹ̀, fóònù mi á dún. Màá kúnlẹ̀, màá kí wọn. Wọ́n á fi oríkì mi dá mi lóhùn, tí wọn ò fi pè mí rí kí Bàbá tó lọ. Wọ́n á béèrè. Màá lọ sídìí fèrèsé lákọ̀ọ́kọ́, màá wo ìta dáadáa, kí n tó dáhùn.